Ìdíje quiz lórí ìtàn àgbáyé àti ti Íńdíà: kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ yìí?

TíṣàỌ̀yọ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ quiz nílé-ìwé girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kéde ìdíje tó ń bọ̀: ìtàn àgbáyé ni, àmọ́ ìdajì ìbéèrè ló máa dá lórí Íńdíà. Àwọn ọmọ mi kò burú. Wọ́n mọ Fáráò, wọ́n mọ Napoleon, wọ́n mọ Hitler bí ẹní mowó. Tó bá wá kan Íńdíà, kò ju Gandhi àti sinimá lọ. Ẹnìkan fi ìwé ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, orúkọ àti ọdún ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n há a sórí lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ wọ́n ti ń fi Akbar, ọba Íńdíà ayé àtijọ́, ṣe ọmọ Gandhi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

BàbáÌjẹ̀bú:
Tíṣà, ẹ kú akitiyan. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ gbé ìwé ọdún yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Máàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́ sára ògiri, kí ẹ sì rí i pé Pakistan àti Bangladesh wà nínú rẹ̀, torí títí di 1947, ìtàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ọmọ tí kò bá mọ èyí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa gbé e ṣubú. Bí wọ́n bá ní orílẹ̀-èdè wo ni Harappa àti Mohenjo-daro wà lónìí, tó bá sáré tẹ agogo tó ní Íńdíà, ó ti lọ nìyẹn. Pakistan ni. Èyí tó wà ní Íńdíà fúnra rẹ̀ ni Dholavira àti Lothal ní ìpínlẹ̀ Gujarat, àti Rakhigarhi ní Haryana.

Àwọn ìlú odò Indus yìí gbilẹ̀ láti nǹkan bí 2600 sí 1900 ṣáájú ìbí Jésù. Bíríkì wọn ni mo máa ń fi kọ́ ọmọ. Wọ́n ń sun ún nínú iná, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ láti ìlú kan dé èkejì: bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ méjì, gígùn rẹ̀ á jẹ́ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi pálí gé e. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní balùwẹ̀, omi ìdọ̀tí sì ń gba inú gọ́tà tí wọ́n fi bíríkì bò lórí jáde sí títì. Wọ́n ní ìwé kíkọ tiwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè kà títí dòní. Wọn ò sì tíì rí ibojì ọba ràgàjì kankan níbẹ̀ bíi ti Íjíbítì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé bíríkì yẹn kò ní í gbàgbé ìlú náà.

Ẹ sọ ti àwọn Veda, ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Hindu, àti ti Buddha ní ṣókí, kí ẹ wá dúró dáadáa lọ́dọ̀ ọba Ashoka. Ó jọba láti nǹkan bí 268 sí 232 ṣáájú ìbí Jésù, Pataliputra tó ti di Patna lónìí sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ó gbógun ti Kalinga, níbi tí ìpínlẹ̀ Odisha wà báyìí. Nígbà tí ogun parí, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta pé ènìyàn 100,000 ni wọ́n pa, pé 150,000 ni wọ́n kó kúrò nílé, àti pé ọ̀rọ̀ náà dun òun wọra. Ọba tó ṣẹ́gun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o! Nínú gbogbo oríkì ọba tí mo mọ̀, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó pẹ́ púpọ̀ tí kò sí ẹni tó lè ka àwọn àpáta yẹn mọ́, kó tó di pé James Prinsep, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ owó ní Calcutta, rí i kà ní 1837. Àwọn kìnnìún orí òpó Ashoka tí wọ́n hú ní Sarnath ló di àmì ìjọba Íńdíà. Àgbá kẹ̀kẹ́ tó wà láàárín àsíá wọn, tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 24, ọ̀dọ̀ Ashoka náà ló ti wá. Àwọn oníquiz fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ọmọ_Ìgbómìnà:
Bàbá, ẹ má bínú o. Ìdíje ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ agogo ló ń jẹ, kò sí àyè ìtàn alẹ́ níbẹ̀. Èmi ṣe quiz láti girama dé yunifásítì, àkọ́sórí ló gbé mi. Tíṣà, ẹ há ìwọ̀nyí sí wọn lórí: 1526 Babur ní Panipat; 1600 ìdásílẹ̀ Kọ́ńpìnnì East India, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì; 1757 Plassey; 1857 ọ̀tẹ̀ àwọn jagunjagun; 1885 Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tó jà fún òmìnira; 1919 Amritsar; 1930 ìrìn iyọ̀ Gandhi; 1947 òmìnira; 1950 Íńdíà di orílẹ̀-èdè olómìnira aláìlọ́ba; 1971 Bangladesh. Ẹ máa pè é, kí wọ́n máa dáhùn, lálaalẹ́. Ó parí.

BàbáÌjẹ̀bú:
Ọmọ mi, ọdún tí o kọ síbẹ̀ dára, mi ò bá ọ jà sí i. Ṣùgbọ́n wo 1757 àti 1857. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé ló wà láàárín wọn. Kí ló gbé èkíní dé èkejì? Bí ọmọ bá mọ ìyẹn, ọdún méjèèjì ti wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Plassey, Robert Clive ṣẹ́gun Siraj ud-Daulah tó ń ṣàkóso Bengal, ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Mir Jafar, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ọmọ-ogun Siraj, ti bá Clive dì í mọ́ra kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1765, Kọ́ńpìnnì gba àṣẹ láti máa gba owó orí ní Bengal. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ bi àwọn ọmọ léèrè: kí ni oníṣòwò fẹ́ fi owó orí ṣe? Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ará Bengal, wọ́n ń fi owó yẹn kan náà ra aṣọ Bengal, wọ́n sì ń kó o lọ tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjà ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ní 1770, ìyàn mú ní Bengal tó pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, Kọ́ńpìnnì ò sì dáwọ́ owó orí dúró.

Ó wá ku 1857. Wọ́n gbé ìbọn Enfield tuntun dé fún àwọn ọmọ Íńdíà tó wà nínú iṣẹ́ ogun Kọ́ńpìnnì. Ètù àti ọta rẹ̀ wà nínú pépà tí wọ́n fi ọ̀rá pa, eyín ni jagunjagun sì máa ń fi ya pépà náà. Ìròyìn wá tàn pé ọ̀rá màlúù àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Hindu ò gbọdọ̀ fẹnu kan ti màlúù, Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ fẹnu kan ti ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ tọ̀tún, wọ́n ti ṣẹ tòsì. Ní Meerut, àwọn 85 kọ̀ jálẹ̀. Ní 9 May wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sunday, àwọn tó kù dìde, wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì kọrí sí Delhi lóru ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá nìkan kọ́. Ọdún tó ṣáájú ni Kọ́ńpìnnì gba ìlú Awadh mọ́ ọba rẹ̀ lọ́wọ́, Awadh sì ni ilé ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun yìí. Àsọtẹ́lẹ̀ kan sì ti ń jà ràn-ìn nínú ọjà pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni Kọ́ńpìnnì máa lò lẹ́yìn Plassey.

Ó jọ pé àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ, torí ní 1858 ìjọba Ọbabìnrin Victoria gba Íńdíà lọ́wọ́ Kọ́ńpìnnì, àmọ́ kì í ṣe báwọn ará Íńdíà ṣe fẹ́. Bahadur Shah Zafar, arúgbó ọba tó kẹ́yìn nínú àwọn Mughal, ìdílé ọba Mùsùlùmí tó ti ń jọba ní Delhi, wọ́n kó o lọ sí Rangoon ní Bọ́mà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1862. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Bọ́mà náà tán ní 1885, wọ́n kó Thibaw ọba ibẹ̀ wá sí Ratnagiri ní Íńdíà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún Jaja ọba Òpóbò àti Ọba Ovonramwen ti Bìní, ẹ ti mọ ìwà yẹn.

Ọmọ_Ìgbómìnà:
Bàbá, ẹ ṣeun. Àmọ́ wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ há a sórí o 😀

Àdùkẹ́_Pune:
Ẹ káàsán o. Pune ni mo ti ń kàwé, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ mọ sórí Delhi àti Mughal, ìdajì ni ẹ kọ́ o. Níbí, Shivaji ni ọba. Òun ló dá ìjọba Maratha sílẹ̀, ó sì dé adé ní 1674 ní orí òkè Raigad. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápákọ̀ òfurufú Mumbai àti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà. Ní gúúsù pátápátá, àwọn Chola ni: Rajaraja Kìíní kọ́ tẹ́ḿpìlì Thanjavur, ó parí ní nǹkan bí 1010. Ọmọ rẹ̀ Rajendra sì rán ọkọ̀ ojú omi ogun gba orí òkun lọ kọlu Srivijaya ní 1025, ìyẹn ní apá ibi tí Indonesia àti Malaysia wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara Íńdíà kì í rin òkun.

Panipat, wọ́n jà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbéèrè ẹ̀tàn ni wọ́n fi ń ṣe. 1526: Babur ṣẹ́gun Ibrahim Lodi, ìjọba Mughal bẹ̀rẹ̀. 1556: àwọn ọmọ-ogun Akbar ṣẹ́gun Hemu, Akbar ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà yẹn. 1761: Ahmad Shah Durrani láti Afghanistan ṣẹ́gun àwọn Maratha.

Ẹni tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Áfíríkà mọ̀ ni Malik Ambar. Ethiopia ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí 1548, wọ́n tà á lẹ́rú, ó gba Baghdad kọjá, wọ́n sì tún un tà dé àárín gbùngbùn gúúsù Íńdíà. Níbẹ̀ ló ti di olórí ìjọba Ahmadnagar. Ọba wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Malik Ambar ni agbára wà. Ó fi ìjà kọlù-kí-o-sá dá àwọn Mughal lágara. Ó bí Jahangir, olú-ọba Mughal, nínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí wọ́n ya àwòrán kan fún òun, níbi tí òun ti dúró lórí àgbáyé roboto tó ń ta ọfà sí orí Malik Ambar tí wọ́n gé, tí wọ́n fi há ẹnu ọ̀kọ̀. Nínú àwòrán nìkan ló ti rí i ṣe. Ọjọ́ ogbó ni Malik Ambar kú ní 1626. Ìlú tó tẹ̀ dó ni wọ́n ń pè ní Aurangabad nígbà tó yá. Àwọn ìran Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Siddi, ṣì wà ní Gujarat àti Karnataka títí dòní.

AlfaÌsẹ́yìn:
Salaamu alaekun. Tíṣà, ẹ fi Ibn Battuta kún un, torí òun ló so Íńdíà mọ́ apá ọ̀dọ̀ wa. Tangier ní Morocco ló ti kúrò ní 1325. Ó dé Delhi lásìkò Sultan Muhammad bin Tughluq, ó sì ṣe adájọ́ níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ó lọ sí Maldives, ó tún ṣe adájọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí owó ẹyọ bí wọ́n ṣe ń kó o nínú òkun, tí wọ́n ń kó o lọ sí Bengal láti fi ra ìrẹsì. Nígbà tó wá dé ilẹ̀ Mali àti Gao létí odò Ọya lẹ́yìn 1350, ó tún bá owó ẹyọ yìí kan náà pàdé, wọ́n ń ná an: 1,150 sí dínárì wúrà kan.

Ẹ rò ó wò. Owó tí àwọn ìyá wa fi ná Ọjà Ọba, tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ Èṣù, láti erékùṣù Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Nígbà tó yá, àwọn Potogí, Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti Bengal àti Ceylon kí ọkọ̀ má baà fẹ̀gbẹ́, wọ́n ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amsterdam, àwọn oníṣòwò ẹrú á sì kó o wá sí Ajúdà àti etíkun wa láti fi ra ènìyàn. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn oníṣòwò Jámánì rí irú kan tó tóbi jù ní apá Zanzibar, wọ́n dà á sórí wa yàà, owó ẹyọ ò sì níye lórí mọ́. Ẹni tó kó o pamọ́ sínú ìkòkò pàdánù.

Bí ọmọ bá ti mọ èyí, Vasco da Gama tó dé Calicut ní May 1498 ò ṣòroó kọ́ mọ́. Kì í ṣe òun ló la ọ̀nà Òkun Íńdíà. Ọjà ti ń lọ ọjà ti ń bọ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní Malindi, ní Kenya òní, ló ti gba ẹni tó mọ ọ̀nà tó tọ́ ọ sọ́nà.

Lékan_Ìlọrin:
Lójú tèmi tí mo jẹ́ agbẹjọ́rò, ohun mìíràn tó so wá pọ̀ ni òfin. Penal Code ti Àríwá Nàìjíríà, láti ọ̀dọ̀ Sudan ni wọ́n ti mú un, Sudan sì mú tirẹ̀ láti inú ti Íńdíà ti 1860. Lugard tó so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914 ńkọ́? Madras ni wọ́n ti bí i ní 1858, ìlú tó ń jẹ́ Chennai lónìí. Ó ti jagun ní Afghanistan àti Bọ́mà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba tó fi ọba ìlú ṣe bojúbojú, Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é ní Íńdíà ṣáájú: ju 500 ìlú ọba lọ ló wà níbẹ̀ ní 1947 tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọba wọn sílẹ̀, tí òyìnbó kan sì jókòó ti ọba náà láti máa gbà á nímọ̀ràn tí kò gbọdọ̀ kọ̀.

TíṣàỌ̀yọ́:
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ṣeun gan-an! Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo díẹ̀ nínú ìdáhùn tó wà nínú ìwé WhatsApp yẹn. (1) Indira Gandhi jẹ́ ọmọ Mahatma Gandhi. (2) Udham Singh ló pa General Dyer. (3) Gandhi gba ẹ̀bùn Nobel. (4) Gandhi ló gbé àsíá sókè ní Delhi ní 15 August 1947.

Àdùkẹ́_Pune:
Háà! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò rí bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ pa ìwé yẹn rẹ́.

Ọmọ Nehru, olórí ìjọba àkọ́kọ́ Íńdíà lẹ́yìn òmìnira, ni Indira. Orúkọ Gandhi tó ń jẹ́, ti ọkọ rẹ̀ ni, Feroze Gandhi, ẹni tí kò bá Mahatma tan rárá.

Ti Udham Singh, Dyer àti O'Dwyer ni wọ́n dà pọ̀. Brigadier-General Dyer ló ní kí wọ́n yìnbọn ní Jallianwala Bagh, Amritsar, ní 13 April 1919. Ọgbà tí ògiri yí ká ni, ọ̀nà àbájáde rẹ̀ há, ọta 1,650 ni wọ́n yìn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka òkú 379, àwọn ará Íńdíà ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tagore, akéwì Bengal, tìtorí ẹ̀ dá oyè tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà. Àìsàn ló pa Dyer ní 1927. Michael O'Dwyer, tó jẹ́ gómìnà Punjab nígbà náà tó sì ti Dyer lẹ́yìn, ni Udham Singh yìnbọn pa ní Lọ́ńdọ̀nù ní March 1940.

Gandhi ò gba Nobel rí. Tagore ló gbà á, ti ìwé kíkọ, ní 1913. Ní 1948 tí wọ́n pa Gandhi, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ti àlàáfíà rárá.

Ìkẹrin: Calcutta ni Gandhi wà lọ́jọ́ òmìnira, ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà, nítorí ìjà Hindu àti Mùsùlùmí. Kò ráyè ayẹyẹ.

ÌyáTolú_Croydon:
Ọmọ mi obìnrin kọ́ nípa pípín Íńdíà nílé-ìwé níbí, ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò wa kan jẹ́ ará Punjab, màmá wọn àgbà ṣì máa ń dárúkọ Lahore bí ẹni pé àná ló kúrò níbẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ ní àwọn máa lọ kó tó di June 1948. Mountbatten, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn ní Íńdíà, dé, ó fa ọjọ́ náà wá síwájú sí August 1947. Ta ni wọ́n wá ní kó fa ìlà? Cyril Radcliffe, lọ́yà kan láti Lọ́ńdọ̀nù tí kò dé Íńdíà rí láyé rẹ̀. Ó débẹ̀ ní July, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fún un láti pín Punjab àti Bengal sí méjì. Ìlà náà ti wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ òmìnira, ṣùgbọ́n 17 August ni wọ́n tó gbé e jáde. Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn ìlú kan fi wà tí wọn ò mọ orílẹ̀-èdè tí àwọn ń gbé. Ẹlòmíràn ti ta àsíá Pakistan sórí ilé, kó tó gbọ́ pé Íńdíà ni òun bọ́ sí.

Àwọn tó sá kúrò nílé tó mílíọ̀nù 12 sí 15. Àwọn ọkọ̀ ojú irin kan dé ibùdókọ̀ tó jẹ́ pé òkú ló kún inú wọn. Iye àwọn tó kú, Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan dá nọ́ńbà kan pàtó: àwọn òpìtàn ń sọ ohun tó wà láti 200,000 títí dé mílíọ̀nù méjì. Ìdí tí Pakistan fi ń ṣe ọjọ́ òmìnira tiwọn ní 14 August, ọjọ́ yẹn ni Mountbatten dé Karachi wá fà á lé wọn lọ́wọ́, kó tó padà sí Delhi fún ti òru.

Ọmọ_Ìgbómìnà:
Màmá, ẹ kú àlàyé. 26 January náà wà ńbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ yẹn ni òfin-ìpìlẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, nígbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 26 November 1949? Torí pé 26 January 1930 ni ẹgbẹ́ Congress ní kí gbogbo ìlú kéde pé òmìnira pátápátá ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n ní kí ọjọ́ náà má ṣègbé. Ambedkar ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin náà, ọmọ àwọn tí wọ́n kà sí ẹni àìgbọdọ̀fọwọ́kàn, tí wọn ò jẹ́ kó mu omi pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ yòókù nílé-ìwé.

BàbáÌjẹ̀bú:
O ṣeun ọmọ mi. Ṣé o rí i pé o ti ń sọ ìdí 😀

Ọmọ_Ọ̀wọ̀:
Ogun Hitler ńkọ́? Ìwé WhatsApp ò ní í sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin (81 àti 82), ni wọ́n kó gba Íńdíà lọ bá àwọn Japan jà ní Bọ́mà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Isaac Fádoyèbọ̀ láti Ẹmùrẹ́-Ilé, nítòsí wa níbí, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló wà. Ní 1944 àwọn Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, wọ́n pa ọ̀pọ̀ wọn, ọta bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, sá pamọ́ sínú igbó. Shuyiman, Mùsùlùmí ará abúlé kan níbẹ̀, ló ń bọ́ wọn, ó sì wá gbà wọ́n sílé, fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé. Bí àwọn Japan bá mọ̀ ni, gbogbo ilé ọkùnrin yẹn ni wọn ì bá pa. Lọ́dún 1944 yẹn kan náà ni wọ́n dá àwọn Japan padà ní Imphal àti Kohima, ní ìlà-oòrùn Íńdíà.

Bí àwọn ọmọ-ogun ti ń jà níbẹ̀, Bengal ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ìyàn 1943 ni, tó pa bíi mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ so méjèèjì pọ̀: nígbà tí Japan gba Bọ́mà, ìrẹsì ibẹ̀ ò wọ Bengal mọ́, ìjọba kó ọkọ̀ ojú omi àwọn ará etíkun dànù kí ọ̀tá má baà rí i lò, owó oúnjẹ sì fò sókè ju agbára tálákà lọ.

Ṣadé_Houston:
Fún ti àgbáyé, Tíṣà, ẹ lè máa fi Íńdíà ṣe ọ̀nà wọ ibòmíràn. Tíì tí wọ́n dà sínú omi ní Boston ní 1773, ti Kọ́ńpìnnì East India ni. Cornwallis tó túúbá fún Washington ní Yorktown ní 1781 ni wọ́n tún rán lọ ṣe gómìnà àgbà ní Íńdíà ní 1786. Opium tí Gẹ̀ẹ́sì tìtorí ẹ̀ bá Ṣáínà jagun ní 1839, ní Íńdíà ni wọ́n ti gbìn ín. Nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú, àwọn olóko ìrèké wá àwọn mìíràn, wọ́n kó ará Íńdíà tó tọwọ́ bọ̀wé lọ sí Mauritius, Guyana, Trinidad. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Trinidad ní 30 May 1845. Ní erékùṣù yẹn kan náà ni àwọn Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ti ń tẹ̀dó lásìkò yẹn. Títí dòní, ojúbọ Ṣàngó wà níbẹ̀, tẹ́ḿpìlì Hindu wà níbẹ̀.

TíṣàỌ̀yọ́:
Ọlọ́run á bù kún yín. Bíríkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, wọ́n ti gé pálí tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀kan nínú wọn ní ṣé gbogbo Íńdíà ló gba òmìnira lọ́jọ́ kan náà? Mi ò fẹ́ dá a lóhùn lásán.

Àdùkẹ́_Pune:
Rárá o, sà, ìbéèrè ọmọ yẹn dára. Ọwọ́ Potogí ni Goa wà láti 1510, wọn ò sì lọ ní 1947. December 1961 ni àwọn ọmọ-ogun Íńdíà wọlé, nǹkan ò gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Faransé ní tiwọn jókòó sí Pondicherry títí di 1954. Ọba Hyderabad lóun ò bá Íńdíà ṣe, wọ́n fi ogun mú un ní September 1948. Sikkim tó wà lórí òkè ní àríwá, 1975 ló tó di ìpínlẹ̀. Kashmir, ẹ sọ fún un pé ìjà ọ̀hún ò tíì tán. Mo ní máàpù kan tó fi àwọ̀ pín gbogbo ẹ̀, mo máa fi ránṣẹ́ sínú inbox yín lálẹ́ yìí.